Ẹ ti ra kọ̀ǹpútà sí ilé-ìkàwé, ta lẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó?

Àwọn àgbà ló sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Babaláwo tó ti kọ́ Ifá láti kékeré kò ní sọ pé ohun tí òun mọ̀ lánàá ti tó òun jẹun dọ́la. Ó ń padà sídìí ọpọ́n. Òwe yìí ló yẹ ká gbé síwájú àwọn tó ń darí ilé-ìkàwé wa lónìí, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò dáa, àwọn tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ìjọba tàbí olówó kan á kọ́ yàrá ńlá, wọ́n á kó ogún tàbí ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ògiri, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ilé pé "E-Library". Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, tẹlifíṣọ̀n á gbé e. Ẹ padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ilẹ̀kùn ò bá wà ní títì pa, ẹ lè rí i pé ìdánwò JAMB nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, tàbí kí eruku ti bo gbogbo rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ni. Owó wà fún ẹ̀rọ, owó ò sí fún ẹni tó máa lò ó.

Ẹ wo Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí National Library. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ńlá tó yẹ kó jẹ́ olú ilé rẹ̀ l'Abuja fún kọngílá. Nígbà tí ìyàwó Ààrẹ, Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinubu, pé ọmọ ọdún 65 lọ́dún 2025, ilé náà ò tíì parí, òun ló fi ní kí àwọn tó bá fẹ́ fún òun lẹ́bùn ọjọ́ ìbí dá owó náà jọ ká fi parí rẹ̀. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe, a sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi rèé: lọ́jọ́ tí ilé bá parí, tí wọ́n kó ẹ̀rọ tuntun wọlé, àwọn wo ló máa jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn? Ṣé ẹnikẹ́ni ti ń dá owó tiwọn náà jọ? Bí ilé bá dára tán, tí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ò mọ ohun tí iṣẹ́ òde òní ń béèrè, a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Kí ló wá yí padà gan-an nínú iṣẹ́ láíbúrárìàn? Láyé àtijọ́, ìwé á dé, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà lórí ètò tí Melvil Dewey gbé jáde lọ́dún 1876, wọ́n á kọ orúkọ ìwé àti orúkọ òǹkọ̀wé sórí káàdì, wọ́n á to káàdì sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á gbé ìwé sórí pẹpẹ. Ọgbọ́n yẹn ò tíì di àtijọ́ o. Mímọ ibi tó yẹ kí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kó lè rọrùn láti rí, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà títí dòní. Ohun tó yí padà ni pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lè wà lórí pẹpẹ n'Ìbàdàn, ó lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan l'Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ fídíò, ó sì lè jẹ́ irọ́ gbuu tí ẹ̀rọ kan pa. Láíbúrárìàn tó mọ pẹpẹ nìkan ò lè ran irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kátálọ́ọ̀gì. Lọ́dún 1999, àwọn ilé-ìkàwé ìgbèríko kan ní Horowhenua, lórílẹ̀-èdè New Zealand, rí i pé ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ń lò ò ní lè ka ọdún 2000. Owó tí wọ́n máa fi ra tuntun ò sí. Ni wọ́n bá ní kí àwọn kan bá wọn kọ tiwọn, nígbà tí wọ́n sì kọ ọ́ tán, wọ́n fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pè é ní Koha, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn lédè àwọn Māori. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ló ń lò ó. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá, wọn ò sì dúró de ìjọba.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yìí nílò alágbàtọ́. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé Koha sórí kọ̀ǹpútà, kó máa tún un ṣe, kó máa ṣe àdàkọ ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́, kó sì mọ bó ṣe máa dá a padà bí nǹkan bá bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ibi, kọngílá ni wọ́n máa ń pè. Kọngílá á ṣe é tán, á gbowó, á lọ. Ọjọ́ tí server bá kọṣẹ́, wọ́n á máa wá a kiri. Password wà lọ́wọ́ kọngílá, kọngílá sì ti japa lọ sí Canada. Ilé-ìkàwé ti padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ pé kí láíbúrárìàn di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó lè gbé ètò kalẹ̀, kó lè ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nígbà tó bá kọṣẹ́, kó lè ṣe àdàkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́wọ́ onílé.

Ohun tó kàn jẹ́ tiwa gan-an, òyìnbó kankan ò ní bá wa ṣe é. Ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà ni. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà "ẹ" tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á tẹ "e" lásán, á wá fi ìlà kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, ìlà yẹn sì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n jìnnà síra bíi "b" àti "k". Bí ẹni tó kọ orúkọ ìwé sínú kátálọ́ọ̀gì bá lo ọ̀kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìwé bá lo èkejì, kọ̀ǹpútà lè dáhùn pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé sì wà lórí pẹpẹ!

Ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938. Ẹnì kan á kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì, ẹnì kan á kọ "Ogboju Ode" láìsí ẹyọ àmì kan, ẹnì kẹta á fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, á gbàgbé ìyókù. Ìwé kan ṣoṣo ti di ìwé mẹ́ta. Àmì ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó ń wá ìwé lórí ọkọ́ àgbẹ̀ kò bẹ̀ wá pé ká gbé ìwé lórí ọkọ̀ ojú omi fún òun. Láíbúrárìàn tó mọ Unicode á yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n á máa gbà kọ ọ́, á tún àwọn tàtijọ́ ṣe, á sì ṣètò kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹni tó tẹ "ode" lásán lè rí "ọdẹ" náà. Èyí tó ṣòro nínú rẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ pé ìṣòro náà wà.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn ìwé àtijọ́ wa. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ya fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò lásán lẹ ní. Kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá sọ lẹ́tà inú fọ́tò di lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sì í sábà mọ àmì èdè wa dáadáa. Ọmọ Yorùbá tó mọ èdè, tó sì mọ ẹ̀rọ, ló máa jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú àpẹẹrẹ kan látinú iṣẹ́ òfin tí mo kọ́. Lọ́dún 2023, nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York, àwọn agbẹjọ́rò tó dúró fún ẹni tó pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Avianca lẹ́jọ́ kó àwọn ẹjọ́ àtijọ́ kalẹ̀ fún adájọ́ láti fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wá àwọn ẹjọ́ náà, wọn ò rí wọn. ChatGPT ló hùmọ̀ wọn, ó fún wọn lórúkọ, ó fún wọn ní nọ́ńbà, ó tún kọ ohun tí adájọ́ sọ sínú wọn. Adájọ́ P. Kevin Castel bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn lórí. Ẹ wò ó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gba láíbúrárìàn tó mọṣẹ́ láti sọ pé irọ́ ni. Níbi tiwa níhìn-ín, á ṣí ìwé NWLR, èyí tí Olóyè Gani Fáwẹhìnmí dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, á wo ojú ewé tí wọ́n dárúkọ, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lo AI lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, mi ò sì rò pé ó yẹ kẹ́nikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́ wọn pé ẹ̀rọ yìí ń to ọ̀rọ̀ tó bá ara mu pọ̀, pé kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, pé gbogbo ìwé tó bá dárúkọ lẹ gbọ́dọ̀ lọ wò fúnra yín, láíbúrárìàn ni. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ ò bá lò ó rí, kí ló máa kọ́ wọn?

Ọ̀rọ̀ ààbò náà ò ṣeé fojú fò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Rhysida ya wọ inú ẹ̀rọ British Library ní London. Wọ́n béèrè bitcoin 20. Ilé-ìkàwé náà kò san án, àwọn ọ̀daràn náà sì da nǹkan bíi 600GB fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi mọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn òṣìṣẹ́. Kátálọ́ọ̀gì tí gbogbo ayé ń lò di àwátì títí wọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Nígbà tí ilé-ìkàwé náà gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde lóṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n jẹ́wọ́ pé ọ̀nà kan tó wọ inú ẹ̀rọ àwọn wà tí kò ní ìdánimọ̀ onípele méjì, ìyẹn kí wọ́n fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ password. Wọ́n tún ní àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ti gbó wà lára ohun tó jẹ́ kí àtúnṣe pẹ́. Bí ọ̀kan lára ilé-ìkàwé tó tóbi jù láyé bá lè jìn sí irú kòtò yìí, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ilé-ìkàwé tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń lo password kan náà, tí wọ́n tún wá kọ ọ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà?

Òfin náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọdún 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo détà aráàlú. Ilé-ìkàwé tó ní orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín àti àkọsílẹ̀ ìwé tẹ́ ẹ yá, détà yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa jù ú kiri. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 náà tún wà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023. Ó fún ilé-ìkàwé láyè láti ṣe àdàkọ fún ìpamọ́ lábẹ́ ìlànà, ó sì fún wọn láyè láti sọ ìwé di ohun tí afọ́jú lè lò. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Lóṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, nítorí náà, títí di ìparí ọdún 2033, kò sẹ́ni tó lè gbé ìwé rẹ̀ lódindi sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ. Ìwé Ìròyìn Townsend ní tiẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí tipẹ́. Láíbúrárìàn tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, yálà kó kó ilé-ìwé rẹ̀ sí ẹjọ́, tàbí kí ẹ̀rù máa bà á láti gbé ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ọ̀gá, iná gan-an ò sí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ AI." Òótọ́ ni, iná ò sí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí láíbúrárìàn wa mọ ohun tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, ó ń jẹ́ kéèyàn gba Wikipedia lódindi sílẹ̀, kó sì máa kà á láìní détà. Gbogbo ti èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ inú háàdì dísìkì tó ṣeé fi sápò. Kọ̀ǹpútà kékeré kan àti sólà ti tó fún ilé-ìwé girama kan láti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti ṣọ̀wọ́n gan-an ni ẹni tó mọ ọgbọ́n rẹ̀ ti wúlò jù.

Àwọn míì á ní Google ti gba iṣẹ́ wọn, fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá nípa àrùn ibà. Google á fi àkọlé ìwádìí hàn án, bó bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kó sanwó dọ́là. Ètò kan tó ń jẹ́ Research4Life wà tó ń jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí irú ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ilé-ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀, láíbúrárìàn ló sì yẹ kó mójú tó o. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ ń sanwó ohun tó yẹ kó rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ọjọ́ orí bú àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àgbà ló mọ ìwé tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí kátálọ́ọ̀gì ò mẹ́nu bà. Ọ̀dọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé server dìde. Ilé-ìkàwé tó bá gbọ́n á fi àwọn méjèèjì sídìí iṣẹ́ kan náà, wọ́n á jọ kọ́ ara wọn.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Àkọ́kọ́, àwọn tó ń ná owó. TETFund ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó fún ilé-ìkàwé, àwọn gómìnà náà ń kọ́ tiwọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé nínú náírà mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá ná lórí ẹ̀rọ, ẹ ya náírà méjì sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn tó máa lò ó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kọngílá pé kò ní gba owó tó kù títí òṣìṣẹ́ á fi lè dá ẹ̀rọ náà ṣe lójú ẹ̀rí. Èkejì, LRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1995 gbé iṣẹ́ àwọn láíbúrárìàn lé lọ́wọ́. Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn má jẹ́ ti kí wọ́n jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ búrẹ́dì, kí wọ́n gba sátífíkéètì. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn. Ẹ̀kẹta, àwọn láíbúrárìàn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo dárúkọ níhìn-ín ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó dúró. Òfin National Library ti ọdún 1970 ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́: méjì á wà lọ́wọ́ National Library, ọ̀kan á lọ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni wọ́n ṣe é. Ìròyìn Yorùbá tẹ́ ẹ ń kà lórí fóònù lónìí, tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e jáde bá kógbá sílé lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló tọ́jú rẹ̀? Internet Archive tó wà ní San Francisco ti ń ṣe àdàkọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1996, ó lè jẹ́ àwọn ló máa ní díẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 ṣì ṣeé kà lónìí torí pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀. Kí ohun tá à ń kọ lónìí náà tó lè dé ọwọ́ ọmọ ọmọ wa, àfi kí láíbúrárìàn kan n'Ìbàdàn, l'Ékìtì tàbí ní Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ. Ẹ sanwó rẹ̀ fún un.